Ètò Òwúrọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Linux
Akọ̀wé tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ a máa tan ẹ̀rọ rẹ̀ ní òwúrọ̀, a sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ètò tí ó fi ń kọ lẹ́tà, èyí tí ó fi ń ṣírò owó, àti èyí tí ó fi ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí iná mànàmáná bá lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Linux, tí Linus Torvalds ti ilẹ̀ Finland dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, tí a sì lè lò láìsan kọ́bọ̀, ní ọ̀nà tí ó mú wàhálà yìí kúrò.

Fódà kan wà fún olúkúlùkù ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ náà, .config/autostart ni orúkọ rẹ̀. Àmì tóótó tí ó ṣáájú orúkọ náà ni ó fi í pamọ́. Fáìlì kékeré tí orúkọ rẹ̀ parí sí .desktop ni a ń kó sínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ètò kọ̀ọ̀kan. Ìlà Exec= ni ó ṣe kókó jù, nítorí ibẹ̀ ni àṣẹ wà. Bí oníṣẹ́ bá ti wọlé, ẹ̀rọ yóò ka àwọn fáìlì náà, yóò sì pe àwọn ètò jáde. Ẹni tí ó ń lo Xfce, tí ó yẹ àwọn ògbólógbòó ẹ̀rọ, lè ṣe èyí nínú Session and Startup láìfọwọ́ kan fáìlì kankan.

Ibi tí fèrèsé yóò jókòó sí ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀. KDE Plasma ní Window Rules fún un. Ní Xfce, ètò wmctrl ni a máa ń fi sínú ẹ̀rọ, a ó sì pàṣẹ báyìí:

wmctrl -r "LibreOffice Writer" -e 0,0,0,960,1000

Òdo kejì àti ìkẹta ń tọ́ka sí igun òkè lápá òsì. 960 ni ìbú, 1000 ni gíga. Ṣùgbọ́n a kì í tẹ́ ẹní fún àlejò kí a sì ní kí ó jókòó kí ó tó dé. Nítorí náà, fáìlì àṣẹ kan ni a ó kọ ọ́ sí, kí sleep 10 ṣáájú rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Lórí Wayland, ọgbọ́n wmctrl yìí kì í sábà ṣiṣẹ́, nítorí ètò tí ń ṣàkóso ojú ẹ̀rọ nìkan ni ó ń pín àyè níbẹ̀.

Ètò tí ó bá pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ a máa fa ẹ̀rọ sẹ́yìn. Èyí tí ó burú jù ni pé ètò olè pẹ̀lú lè fi fáìlì tirẹ̀ sínú autostart, kí ó máa jí lójoojúmọ́ pẹ̀lú onílé. Ó yẹ kí a máa yẹ fódà náà wò. Fáìlì tí a kò bá mọ̀, a lè kọ Hidden=true sínú rẹ̀; ẹ̀rọ kò ní pè é mọ́, fáìlì náà yóò sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò.