Ẹ̀jẹ̀ Dáínọ́sọ̀ Lórí WhatsApp Ẹbí Wa

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan báyìí, ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin fi fídíò kan sórí WhatsApp ẹbí wa. Òyìnbó kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwòrán dáínọ́sọ̀ ń lọ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀ pé wọ́n ti rí ẹran tútù nínú egungun dáínọ́sọ̀, irọ́ ẹfolúṣọ̀n ti tú. Kò pẹ́ tí Dádì Ìbàdàn, bí gbogbo wa ṣe máa ń pè wọ́n, fi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Prof, wá dáhùn èyí o." Èmi ni Prof. Mi ò tíì parí másítáàsì, àmọ́ nínú ẹbí tiwa, ẹni tó bá ti wọ kóòtù funfun lẹ́ẹ̀mejì ti di Prof nìyẹn.

Ǹ bá fi ẹ̀rín sí i kí n sùn lọ, ká ní àbúrò mi obìnrin ò kọ̀wé sí mi lọ́tọ̀. WAEC ló ń múra rẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, Darwin àti Lamarck wà nínú Biology wa. Tí mo bá kọ ọ́ sínú ìdánwò bí wọ́n ṣe kọ́ wa, ṣé mi ò ní ti sẹ́ Ọlọ́run báyìí?" Ìyẹn ni mi ò lè fi ẹ̀rín sí. Ọmọ tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì ni. Kò yẹ kó máa bẹ̀rù ìwé Biology.

Kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Nígbà tí mo wà ní SS2, wọ́n ṣe debate nílé ìwé wa, èmi ni agbẹnusọ fún àwọn tó ní ẹfolúṣọ̀n kì í ṣòótọ́. Mo dìde, mo ní: "Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ nínú egungun T. rex. Ẹ̀jẹ̀ wo ló ń wà fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún tí kò jẹrà?" Àwọn ọmọ kíláàsì pariwo débi pé tíṣà ní láti lu tábìlì. A borí. Mi ò sì tíì ka ìlà kan ṣoṣo nínú ìwádìí tí mò ń fi ẹnu gbé kiri. Ó tó ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbà yẹn kí n tó kà á, inú mi ò dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́dún 2000, Bob Harmon, tó ń bá Museum of the Rockies ṣiṣẹ́, rí egungun Tyrannosaurus rex kan ní Montana, l'Amẹ́ríkà, nínú àwọn àpáta tí wọ́n ń pè ní Hell Creek. Ibẹ̀ jìnnà sí títì débi pé hẹlikọ́pítà ni wọ́n fẹ́ fi gbé e. Wọ́n wé egungun náà sínú P.O.P., irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó kán, àfi bí ẹrù ṣe wúwo ju ohun tí hẹlikọ́pítà lè gbé. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n là á sí méjì. Egungun itan náà fọ́, wọ́n sì kó díẹ̀ lára àfọ́kù rẹ̀ ránṣẹ́ sí Mary Schweitzer ní North Carolina State University. Àwọn tó ń tọ́jú egungun bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ fọ́ ọ rárá. Ká ní hẹlikọ́pítà yẹn lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, bóyá a ò bá má gbọ́ nǹkan kan.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni Schweitzer kọ́kọ́ rí. Ó rí irú egungun kan tí abo adìẹ máa ń ní nínú egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bá fẹ́ yé ẹyin, ibẹ̀ ló ti ń yọ kálísíọ̀mù tó fi ń ṣe èèpo ẹyin. Abo ni dáínọ́sọ̀ yìí, àkókò àti yé ẹyin ló kú sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó àfọ́kù náà sínú omi kẹ́míkà kan tó máa ń yọ́ kálísíọ̀mù kúrò. Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ nígbà yẹn ni pé egungun tó ti di òkúta, tí ẹ bá yọ́ òkúta rẹ̀ tán, kò sí nǹkan tó máa kù. Nǹkan kù. Ó ń fà bíi rọ́bà. Àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tó pẹ̀ka bí òpó ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn nǹkan róbótó aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú sì wà nínú wọn. Wọ́n tún un ṣe léraléra, ó ń jáde bákan náà. Oṣù March 2005 ni ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ọjọ́ orí egungun náà: nǹkan bíi 68 mílíọ̀nù ọdún.

Nítorí náà, ẹran tútù kọ́ o. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn. Ìyókù tó kéré jọjọ ni, tó jẹ́ pé àfi kí ẹ kọ́kọ́ fi kẹ́míkà yọ́ òkúta kúrò kí ẹ tó rí i. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìyẹn sá àsálà, torí pé ìyókù náà yani lẹ́nu lóòótọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn tó ń ṣe fídíò. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbà pé Ọlọ́run dá ayé ni mò ń bá wí, ọ̀pọ̀ wa ló gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí mò ń sọ ni àwọn tó ní ayé ò tíì ju nǹkan bíi 6,000 ọdún lọ. Ìṣirò ìran àwọn èèyàn inú Bíbélì ni wọ́n fi dé ibẹ̀, bíi ti Bíṣọ́ọ̀bù James Ussher ní Ireland, tó kọ ọ́ lọ́dún 1650 pé ọdún 4004 ṣáájú Kristi ni ìṣẹ̀dá. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa egungun yìí rèé: púrótéènì máa ń jẹrà. Ẹ lè gbé e sínú ooru ní lábù, kí ẹ wọn bó ṣe ń yára jẹrà, kí ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ìṣirò náà ò gbé e dé 68 mílíọ̀nù ọdún. Púrótéènì sì wà níbẹ̀. Ó tán, egungun náà ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àlàyé tó mọ́gbọ́n dání ni. Ẹnu ya àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà fún ìdí kan náà gan-an.

Àmọ́ ẹ mú ẹja méjì. Ẹ gbé ọ̀kan kalẹ̀ nínú ooru ọ̀sán, kó tó di alẹ́ ẹ ò ní lè dúró tì í. Ẹ yan èkejì lórí iná, ó lè wà fún oṣù. Tí ẹnì kan bá wá gbé ẹja gbígbẹ síwájú yín, tó ní, "Ẹja kì í lo ọjọ́ kan kó tó bàjẹ́, èyí ò tíì bàjẹ́, nítorí náà àárọ̀ yìí ni wọ́n pa á," ẹ máa bi í bóyá kò rí èéfín rí ni. Ìjẹrà kì í ṣe aago. Omi, ooru, kòkòrò, afẹ́fẹ́, gbogbo wọn ló ń tì í síwájú tàbí fà á sẹ́yìn.

Ìbéèrè tó wá kù ni pé, kí ló "yan" egungun yìí? Lọ́dún 2013, Schweitzer àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ mú ìdáhùn kan wá: irin inú ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n mú òpó ẹ̀jẹ̀ ògòǹgò, wọ́n rẹ apá kan sínú omi lásán, wọ́n rẹ apá kejì sínú ohun tí wọ́n yọ látinú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, èyí tí irin pọ̀ nínú rẹ̀. Ti inú omi bàjẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èkejì lo ọdún méjì láìsí fíríìjì. Irin náà ń so àwọn púrótéènì pọ̀ mọ́ra wọn, bí fọ́málíìnì ṣe ń ṣe ní mọ́ṣúárì. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn onífídíò dáhùn pé ọdún méjì kì í ṣe 68 mílíọ̀nù. Òótọ́ ni. Mo gbà fún wọn níbẹ̀. Irin nìkan ò lè ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí ẹ̀.

Ibi tí mi ò ti gbà ni pé kí wọ́n fi ẹja wọn aago. Aago gidi wà ní Hell Creek. Àwọn òkè tó ń yọná máa ń da eérú sílẹ̀, eérú náà sì ń tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín àwọn àpáta ibẹ̀. Pòtásíọ̀mù kan wà nínú eérú yẹn tó máa ń yí padà di ágọ́ọ̀nù díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ní átọ́ọ̀mù rẹ̀ ẹgbẹ̀rún kan lónìí, yóò gba 1.25 bílíọ̀nù ọdún kí ìdajì wọn tó yí padà. Ooru ọ̀sán ò mú un yára, òjò ò dá a dúró. Ẹ ka iye ágọ́ọ̀nù tó wà níbẹ̀, ẹ ka pòtásíọ̀mù tó kù, ẹ ti mọ ìgbà tí eérú náà balẹ̀. Yùréníọ̀mù náà wà, òun ń di òjé, eré tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Aago méjì tí kò mọ ara wọn rí, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan: òkè ibi tí egungun dáínọ́sọ̀ parí sí ní Hell Creek jẹ́ nǹkan bíi 66 mílíọ̀nù ọdún. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni T. rex tiwa sùn sí. (Àwọn kan máa ń mú kábọ́ọ̀nù-14 wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìdajì ìyẹn máa ń lọ láàárín 5,730 ọdún. Tó bá ti kọjá nǹkan bíi 50,000 ọdún, kò sí ohun tó kù níbẹ̀ láti wọ̀n mọ́ ju ìdọ̀tí òde òní lọ.)

Àwọn onífídíò kì í sọ èyí, àmọ́ àwọn àgbà wọn mọ̀ ọ́n. Institute for Creation Research l'Amẹ́ríkà kó àwọn onímọ̀ tiwọn jọ lọ́dún 1997 láti yẹ irú aago yìí wò, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní RATE, ó sì parí lọ́dún 2005. Wọ́n gbà pé ìyípadà tó ti ṣẹlẹ̀ nínú àwọn àpáta pọ̀ tó èyí tó máa gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún, tí aago náà bá ń rìn bó ṣe ń rìn lónìí. Ohun tí wọ́n wá sọ ni pé nígbà kan, Ọlọ́run mú kó sáré. Wọ́n sì gbà, láìsí ẹni tó fipá mú wọn, pé ooru tí irú eré bẹ́ẹ̀ máa mú wá jẹ́ wàhálà ńlá tí wọn ò tíì yanjú. Èmi bọ̀wọ̀ fún wọn pé wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ tó darí debate wa.

Kí ló wá dé tí fídíò yìí tún fi ń kiri? Ní January 2025, Yunifásítì Liverpool kéde pé wọ́n rí ìyókù kọ́lájìn nínú egungun ìdí dáínọ́sọ̀ mìíràn, Edmontosaurus, láti Hell Creek náà, ní apá South Dakota. Àwọn ará UCLA bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Brian Thomas wà lára àwọn tó kọ ìwádìí náà, òṣìṣẹ́ Institute for Creation Research sì ni. Àwọn kan fẹ́ fi ìyẹn jù ú nù. Èmi ò rí ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn púrótéènì ò bèèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí èèyàn ń lọ. Tí kọ́lájìn bá wà níbẹ̀, ó wà níbẹ̀. Ó túbọ̀ fi hàn pé Schweitzer ò lálàá ni, kò sì fọwọ́ kan eérú.

Ibì kan wà tí fídíò kì í dé láéláé, ibẹ̀ ló sì dùn jù. Kọ́lájìn yìí, òun ló pọ̀ nínú pọ̀nmọ́ tí ẹ̀ ń jẹ. Lọ́dún 2007, Schweitzer àti John Asara ti Harvard ka díẹ̀ nínú bí wọ́n ṣe to kọ́lájìn T. rex náà. Ti adìẹ ló jọ jù. Nígbà tó di 2008, wọ́n fi wé ti ọ̀pọ̀ ẹranko, ó bọ́ sọ́dọ̀ adìẹ àti ògòǹgò, kò lọ sọ́dọ̀ alángbá tàbí ìbátan ọ̀nì. Háà! Láti àwọn ọdún 1860 ni Thomas Huxley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń sọ pé ìbátan ni ẹyẹ àti dáínọ́sọ̀. Egungun lásán ló wò. Kò sẹ́ni tó lè ka púrótéènì nígbà yẹn.

Mo kọ èyí sórí WhatsApp. Dádì Ìbàdàn dáhùn kíá: "Télọ̀ kan ṣoṣo ló rán gbogbo aṣọ. Ṣé kò yẹ kí wọ́n jọra ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní: "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Àmọ́ télọ̀ yẹn lè lo aṣọ ọ̀nì fún un, ó lè lo ti alángbá, kò sí èyí tó máa yà wá lẹ́nu. Ẹfolúṣọ̀n ló ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ti ẹyẹ la máa bá." Àwọn onímọ̀ kan ò gbà pé púrótéènì náà ti dáínọ́sọ̀ ni o, lọ́dún 2008 àwọn kan sọ pé yọ̀rọ̀ bakitéríà ló jọ òpó ẹ̀jẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ inú fídíò náà ti fọ́ nìyẹn. Tí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lo púrótéènì náà gbọ́dọ̀ gba adìẹ tó wà nínú rẹ̀.

Mo sọ fún àbúrò mi pé ohun tí Darwin sọ àti ẹ̀rí tó mú wá ni WAEC ń bèèrè, wọn ò bèèrè ìgbàgbọ́ rẹ̀. Mo tún sọ ìtàn obìnrin náà fún un. Inú ilé Kristẹni tó le ni wọ́n ti tọ́ Schweitzer dàgbà. Òun fúnra rẹ̀ gbà tẹ́lẹ̀ pé ayé ò tíì pẹ́, kó tó lọ jókòó nínú kíláàsì Jack Horner ní Montana. Ẹ̀rí ló yí i lọ́kàn padà lórí ọjọ́ orí ayé. Kò fi Kristi sílẹ̀, ó ń sọ ọ́ ní gbangba. Ó sì ti sọ pé àwọn tó ń fi iṣẹ́ òun jà fún 6,000 ọdún ń lọ́ ọ̀rọ̀ òun po.

Dádì Ìbàdàn ò sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, fóònù mi dún. "Prof, ṣé obìnrin yẹn ṣì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mo ní Kristẹni ni sà, kò fi pa mọ́.

Mo rí i pé wọ́n ń tẹ nǹkan, wọ́n dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. "Ó dáa. Fi ohun tó kọ ránṣẹ́ sí mi. Má fi fídíò ránṣẹ́ o. Èyí tí mo lè kà ni mo fẹ́."

Mo fi ti ọdún 2005 ránṣẹ́ sí wọn. Àbúrò mi ní kí n fi tòun náà ránṣẹ́.