Ilé Orí Iyanrìn: Kí Owó Ìkọ́lé Wa Má Bàa Rì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí ògiri ilé tí a yáwó kọ́ bá là, gbèsè kò ní bá a là. A óò san án tán ni. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn èèyàn wa tó ń ra ilẹ̀ ní Lẹ́kkí àti Ajah, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ kò rí bíi tiwa.

Láti Fájuyì níhìn-ín títí dé Ìkẹ́rẹ́ níbi tí òkè Olósùnta wà, àpáta kò jìnnà sílẹ̀ ní ibi púpọ̀. Bíríkìlà á gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, á kan ibi líle. Etíkun Èkó yàtọ̀: iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀, iyanrìn tí wọ́n fà láti inú omi ni wọ́n sì fi kún ọ̀pọ̀ àbàtà.

Iyanrìn kò burú o. Èyí tó ki dáadáa lè gbé ilé ńlá. Èyí tó dẹ̀ ni wàhálà. Ẹ̀yin tó ń ta gàrí mọ̀ ọ́n: ẹ bu gàrí kún kóńgò, ẹ mi kóńgò náà, gàrí á wálẹ̀. Àyè àárín hóró ló dín. Bẹ́ẹ̀ ni iyanrìn ṣe ń rì bí ilé bá wúwo lórí rẹ̀, tàbí bí omi bá rin ín. Amọ̀ lè máa rì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti iyanrìn kì í pẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti ṣẹlẹ̀ kí a tó kan páànù. Bí gbogbo ilé bá rì dọ́gba, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Bí igun kan bá rì ju ìyókù lọ, ògiri á là bí àtẹ̀gùn láti igun fèrèsé.

Ní Niigata ní ilẹ̀ Japan, ní ọdún 1964, ilẹ̀ mì tìtì, iyanrìn tí omi kún inú rẹ̀ sì dà bí ẹ̀kọ mímu. Ilé alájà mẹ́rin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ gbalaja, bẹ́ẹ̀ ògiri rẹ̀ kò fọ́!

Ẹnjiníà ló ń yẹ ilẹ̀ wò. Òòlù kìlógíráàmù 63.5 á máa já lu irin láti òkè sẹ̀ǹtímítà 76, wọ́n á sì ka iye ìgbà tó lù ú kí irin tó wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Bí kò bá tó 10, iyanrìn náà dẹ̀. Àwọn kan á ní kí àwọn fi owó àyẹ̀wò ra sìmẹ́ńtì. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn.

Fún ilé ilẹ̀, a lè kó iyanrìn náà jáde, ká dá a padà ní ìpele íǹṣì 6 sí 8, ká wọ́n omi sí i, ká fi ẹ̀rọ tẹ ìpele kọ̀ọ̀kan kó ki. Ẹni tó da típà mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tó wá ń tẹ̀ ẹ́, òkè nìkan ló tẹ̀. Àwọn mìíràn a máa da kọnkéré onírin sábẹ́ gbogbo ilé. Ti ilé gíga, òpó ni wọ́n ń gún wọlẹ̀ títí yóò fi kan ibi líle.

Ẹ bi ẹni tó ń talẹ̀: ọdún wo ni wọ́n kún un? Ṣé wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́? Ẹ wo ògiri àwọn aládùúgbò, kí ẹ sì lọ síbẹ̀ lásìkò òjò.