Nọ́ọ̀sì náà gbọ́dọ̀ padà síléèwé o!

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀pọ̀ ló rò pé tí nọ́ọ̀sì bá ti gba láísẹ́ǹsì lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn. Rárá o! Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún un gbà nílẹ̀ wa, ẹni tí kò bá sì lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní MCPDP, kò ní í rí i gbà.

Ará Ìbàdàn lè ní nǹkan kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ọ̀sì tó wà ní Ògbooro, l'Óke-Ògùn lọ́hùn-ún: yóò wá owó ọkọ̀, yóò tún wá ẹni tí yóò dúró dè é lẹ́nu iṣẹ́. Bí aboyún bá wá dé lóru ńkọ́?

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀hún kì í ṣe àṣedànù. Lọ́dún 2023, èsì ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa. Ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n lára ni wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí wọ́n lè tètè mọ̀ tó bá ti ń pọ̀ jù, kí ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ewu ẹ̀jẹ̀ yalayala fi ìdá 60 nínú 100 dín kù! Agbẹ̀bí tó jáde níléèwé lọ́dún 2000, ibo ni ì bá ti gbọ́ ọ?

Kíjọba bá wọn gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà sún mọ́ ìtòsí ló yẹ, kì í ṣe ká ní kí wọ́n má lọ. Ẹ̀mí ìyá ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń dánra wò.