Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kẹ̀kẹ́ ìrìn àjò tí táyà rẹ̀ kéré

Ẹ̀yin ará Olúyọ̀lé tó ń ronú àtigun kẹ̀kẹ́ láti Challenge dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ má fojú kéré kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ kéré. Láti 1962 ni Alex Moulton, ẹnjiníà ará Ìlú Ọba, ti gbé irú rẹ̀ jáde, pẹ̀lú rọ́bà tó ń gba jìgìjìgì ọ̀nà mọ́ra. Rìmù kékeré lágbára lábẹ́ ẹrù, torí sípóòkù rẹ̀ kúrú. Bó bá sì rẹ̀ yín lọ́nà, èyí tó ṣeé ká á wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ Micra.

Táyà gan-an ni kí ẹ fara balẹ̀ yẹ̀ wò. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ tí wọ́n ń pè ní íǹṣì 20: mílímítà 406 àti 451. Ọ̀kan kì í wọ rìmù èkejì rárá! Ẹ mú 406, torí òun ni ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ BMX àti ti ọmọdé ń lò. Túúbù rẹ̀ kò ní wọ́n yín. Ẹ ka nọ́ńbà ara táyà fúnra yín, irú bíi 47-406, kí ẹ tó sanwó.

Kòtò ni ọ̀tá táyà kékeré. Ibi tí táyà ńlá máa fò kọjá, kékeré á rì sí i. Nítorí náà, ẹ ra táyà tó fẹ̀, ẹ má sì fún un ní afẹ́fẹ́ jù. Táyà kékeré tún máa ń tètè jẹ. Ẹ mú àpààrọ̀ dání.

Ní ti gíà, táyà kékeré máa ń mú kí òkè rọrùn, àmọ́ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ á máa yí lásán bí eyín ṣéènì iwájú kò bá tóbi. Ẹ di ẹrù sí kẹ̀kẹ́ náà, kí ẹ gùn ún lọ sórí òkè Mọ́kọ́lá kí ẹ tó rà á.