Ìwé Orúkọ Kan Ṣoṣo Ni Kí Ẹgbẹ́ Ní: Bí A Ṣe Lè So Lẹ́tà Ìpàdé Àti Ìpolówó Ọjà Pọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ ìwé orúkọ ẹgbẹ́ la fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí.

Kò sí ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù tí kò ní ìwé orúkọ. Láyé àtijọ́, ìwé ńlá kan ni, akọ̀wé a sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Lónìí, orúkọ ti tú ká ní ẹgbẹ́ púpọ̀. Àwọn kan ṣì wà nínú ìwé ńlá, àwọn kan wà nínú Google Groups tí a fi ń pe ìpàdé, àwọn mìíràn wà nínú Mailchimp tí a fi ń polówó ìrẹsì àti òróró. Ẹni tó wọ ẹgbẹ́ lóṣù tó kọjá lè wà ní ibì kan, kí ó má sí ní ibì kejì. Ìwé ìpàdé ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n á dìbò, kò ní sí níbẹ̀. Wọ́n á pín ọjà olówó pọ́ọ́kú, kò ní gbọ́. Nígbà tó bá gbọ́ lẹ́yìn, á ní ojúsàájú ni wọ́n ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó ṣe ojúsàájú. Àwọn ìwé orúkọ ni kò bára mu.

IYÀRÁ ÌPÀDÉ ÀTI AKÉDE

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ wọn. Google Groups dà bí iyàrá ìpàdé. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kọ ímeèlì sí i, gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ á rí i gbà, wọ́n á sì lè dá a lóhùn. Mailchimp, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2001, dà bí akéde ìlú. Ó ń pe oníkálukú lórúkọ, ó ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an, ó sì ń padà wá jábọ̀ pé iye èèyàn báyìí ló ṣí lẹ́tà, iye báyìí ló tẹ ibi tí a kọ owó ọjà sí.

Àwọn méjèèjì wúlò. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá ní láti kọ orúkọ kan náà síbi méjì, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí á kọ ọ̀kan, tí á gbàgbé èkejì. Ìdí nìyẹn tí ètò bíi Zapier àti Make fi wà. Ní ìlú Columbia, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Zapier lọ́dún 2011. Afárá ni láàárín ètò kan àti òmíràn. Ẹni tó ń lò ó kò ní láti mọ èdè kọ̀ǹpútà rárá. Gbólóhùn kan péré ló máa là sílẹ̀ fún un: bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ṣe tọ̀hún.

BÍ A ṢE Ń SO WỌ́N PỌ̀

Àkọ́kọ́, ẹ fi ìwé kan ṣe ìyá fún ìyókù. Ẹ ṣí Google Sheets, kí ẹ ya á sí ọ̀nà mẹ́fà: nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, orúkọ, ímeèlì, ọjọ́ tó wọlé, bóyá ó ṣì wà tàbí ó ti kúrò, àti ìdáhùn sí ìbéèrè yìí: “Ṣé ẹ fẹ́ kí a máa fi ìpolówó ọjà ránṣẹ́ sí yín?” Alábòójútó Google Groups lè kó àwọn orúkọ tó ti wà níbẹ̀ jáde, kí ẹ wá fi wọ́n wé ìwé ńlá, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ìkejì, ẹ sọ fún Zapier pé bí orúkọ tuntun bá ti wọ ìwé ìyá, kí ó fi í sí Google Groups. Ẹgbẹ́ tó bá ní àpamọ́ Google Workspace nìyẹn rọrùn fún; ẹgbẹ́ tí kò ní, akọ̀wé á fi ọwọ́ kọ ti ibẹ̀. Ìkẹta, ẹ ní kí ó fi orúkọ náà sí Mailchimp, ṣùgbọ́n kí ẹ fi asẹ́ sáàárín: ẹni tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni nìkan ni kó kọjá.

Ẹ má kó gbogbo ẹgbẹ́ sí i lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi orúkọ ìgbìmọ̀ bíi márùn-ún dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Zapier máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ tó bá ṣe àti èyí tó kọ̀ tí kò ṣe. Kí akọ̀wé máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Owó ńkọ́? Zapier ń ka iṣẹ́. Orúkọ kan tó wọ ibi méjì, iṣẹ́ méjì ni. Bí èèyàn 40 bá wọlé lóṣù, iṣẹ́ 80 nìyẹn. Mailchimp ní tirẹ̀ ń ka orí. Ẹni tó ní kí ẹ yọ òun kúrò pàápàá, wọ́n ṣì ń kà á mọ́ iye yín, àfi tí ẹ bá kó o lọ sí àkámọ́. Nítorí náà, kí akápò jókòó ti akọ̀wé kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

ẸNI TÓ WỌ ẸGBẸ́ KÒ TÍÌ NÍ KÍ Ẹ POLÓWÓ FÚN ÒUN

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Nítorí pé ẹ̀rọ lè kó gbogbo orúkọ inú Google Groups sínú Mailchimp ní ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn kan á ní, “Ẹ kó wọn síbẹ̀, ṣebí ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n.” Rárá o. Ìyá tó fún wa ní ímeèlì rẹ̀ kí ó lè gbọ́ nípa ìpàdé àti owó rẹ̀, ohun tó yọ̀ǹda nìyẹn. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023, fún un lágbára láti kọ ìpolówó, bó bá sì ti kọ̀, a gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Owó ìtanràn tó wà nínú òfin náà lè tó mílíọ̀nù 2 náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Fún àwọn ilé iṣẹ́ tí òfin kà sí ńlá, mílíọ̀nù 10 ni.

Ewu kan tún wà. Láti oṣù Kejì 2024 ni Gmail àti Yahoo ti ń fojú tó ṣe ṣàkó wo àwọn tó ń fi ímeèlì rẹpẹtẹ ránṣẹ́. Wọ́n ní kí àwọn tó ń fẹ̀sùn kàn wọ́n má pọ̀ tó mẹ́ta nínú lẹ́tà 1,000. Bí àwọn èèyàn bá ń pe ìpolówó yín ní ìdọ̀tí, orúkọ àdírẹ́sì ẹgbẹ́ á bàjẹ́, lẹ́tà ìpàdé tó ń ti àdírẹ́sì kan náà jáde á sì bá a wọ inú spam. Ẹni tí kò rí ìwé ìpàdé kò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gbé èlé ẹ̀yáwó sókè. Bí ìpolówó òróró ṣe ń gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ọ̀NÀ ÀBÁJÁDE

Gbogbo wa la máa ń ronú ọ̀nà àbáwọlé, a kì í ronú ọ̀nà àbájáde. Bí ẹ bá pa orúkọ kan rẹ́ nínú ìwé ìyá, Zapier ò ní mọ̀, orúkọ náà á ṣì wà níbi méjèèjì. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ “ó ti kúrò” síwájú rẹ̀, kí ẹ sì ṣètò pé bí ìyípadà yẹn bá wáyé, kí Zapier dá ìpolówó rẹ̀ dúró nínú Mailchimp. Kí akọ̀wé wá fi ọwọ́ yọ ọ́ nínú Google Groups. Ẹ fojú inú wo ilé tí bàbá ti kú láti oṣù mẹ́ta, tí ímeèlì wá ń wọlé sórí fóònù rẹ̀ pé, “Ẹ káàárọ̀ bàbá, ìrẹsì tuntun ti dé.” Ọmọ tó bá ka irú rẹ̀ kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ náà ńkọ́? Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi ṣí àpamọ́ náà, kì í ṣe ímeèlì ọmọdékùnrin tó bá yín ṣètò rẹ̀. Kí èèyàn méjì nínú ìgbìmọ̀ mọ bí a ṣe ń wọlé. Kí nọ́ńbà báńkì tàbí gbèsè ẹnikẹ́ni má sí nínú ìwé ìyá, torí ẹni tó bá rí ìwé náà lè fi kọ lẹ́tà jìbìtì lórúkọ wa. Bí orúkọ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tó sì lè pa ọmọ ẹgbẹ́ lára, òfin ní kí a sọ fún àjọ tó ń bójú tó dátà láàárín wákàtí 72.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ bi akọ̀wé yín léèrè ohun mẹ́ta: Ìwé wo ni ìyá? Ta ló gbà kí a máa polówó fún òun? Báwo lẹni tó bá fẹ́ kúrò ṣe ń kúrò? Bó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kó so ẹ̀rọ pọ̀. Bí kò bá tíì rí ìdáhùn, ẹ ràn án lọ́wọ́ láti tún ìwé orúkọ ṣe ná.