Ajá Yín Ń Họra: Kúrúnà Ni Àbí Làpálàpá?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà wa, bí ajá ilé yín bá ń họra ṣáá, tí irun rẹ̀ ń re, ẹ má sọ pé ajá lásán ni, ara rẹ̀ á yá tó bá yá. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Ọmọ tó ń gbá ajá mọ́ra lè kó ohun tó ń dà á láàmú.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kúrúnà ajá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bèbè etí, ìgbọ̀nwọ́ àti abẹ́ ikùn. Kòkòrò tíntìntín ló ń gbẹ́lẹ̀ sínú awọ. Ajá náà kò ní í sinmi, yóò máa họra tọ̀sán-tòru, awọ rẹ̀ yóò sì yọ èépá. Ó lè mú kí ara yún àwọn ará ilé, ṣùgbọ́n kò lè bí sí i lára èèyàn. Bí ẹ bá tọ́jú ajá, tiyín náà yóò rọlẹ̀.

Kòkòrò mìíràn wà tó máa ń bá ọmọ ajá jà. Irun ojú àti ẹnu rẹ̀ yóò re, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ yún un. Èyí kì í ran èèyàn.

Ní ti làpálàpá, irun máa ń re ní róbótó, ojú ibẹ̀ á sì máa ṣí fúlẹ́fúlẹ́. Ó lè má yún ajá rárá, síbẹ̀ ó máa ń ran èèyàn, pàápàá àwọn ọmọdé. Kì í lọ bọ̀rọ̀ láìsí oògùn.

Ojú lásán kò tó láti fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Dókítà ẹranko yóò ha awọ ajá díẹ̀, yóò sì fi maikirosíkóòpù wò ó. Bí kò bá rí kòkòrò, kò túmọ̀ sí pé kì í ṣe kúrúnà, nítorí wọ́n máa ń ṣòro láti rí. Fún làpálàpá, ó lè fa irun tu fún àyẹ̀wò. Èsì rẹ̀ lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 3.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí ajá lára. Yóò lá a, májèlé sì ni. Ẹ má fojú wọn oògùn màlúù fún un. Ìpara tí wọ́n po sitẹrọ́ọ̀dù mọ́ lè mú kí ìyún rọlẹ̀, kí làpálàpá sì máa gbilẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Ẹ má wẹ ajá lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tí ara ń yún nínú ilé. Bó bá jẹ́ kúrúnà, gbogbo ajá ilé ni kí ẹ tọ́jú pọ̀, kí ẹ sì fi omi gbígbóná fọ aṣọ tí wọ́n ń sùn lé.

Bí ara ọmọ yín náà bá ń yún, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ ní ajá nílé. Gbólóhùn kan yìí lè gbà yín lọ́wọ́ oògùn tí kò ní í ṣiṣẹ́.