Ọkọ̀ Ń Gbó, Èrè Ń Wú

Ní oṣù kejì ọdún 1998, Waste Management, ilé iṣẹ́ kólẹ̀kódọ̀tí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, jẹ́wọ́ pé ìṣirò òun láti 1992 kò tọ́. Èrè tí wọ́n ti ń kéde fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.7 dọ́là ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkọ̀ akólẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ta ọgbọ́n náà.

Ilẹ̀, ilé, ẹ̀rọ àti ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ń lò ju ọdún kan lọ ní àyè tiwọn nínú ìwé ìṣirò owó. Ní Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960, ẹ̀rọ tí ń lọ òkúta wà lára wọn. Àpò sìmẹ́ǹtì tó ń retí oníbàárà kò sí níbẹ̀, ọjà nìyẹn. Iye tí wọ́n á kọ sílẹ̀ kì í sì í ṣe owó olùtajà nìkan: owó tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ wọ̀lú àti owó ẹni tó tò ó wà níbẹ̀.

Lọ́dọọdún, wọ́n á yọ díẹ̀ lára iye náà, torí pé lílò ń sọ nǹkan di àlòkù. Ilẹ̀ ni wọn kì í sábà yọ tirẹ̀. Ká ní wọ́n ra ọkọ̀ ní mílíọ̀nù 40 náírà, wọ́n retí pé yóò lo ọdún 8, kí wọ́n tó tà á ní mílíọ̀nù 8. Mílíọ̀nù 32 ni wọ́n á pín sí ọdún 8. Mílíọ̀nù 4 ni yóò máa kúrò nínú èrè lọ́dún. Bí ọ̀gá bá wá kọ ọ́ pé ọdún 16 ni ọkọ̀ yóò lò, mílíọ̀nù 16 ni àwọn á sì tà á, mílíọ̀nù 1.5 péré ni wọ́n á máa yọ. Èrè fi mílíọ̀nù 2.5 gbérí lọ́dún, bẹ́ẹ̀ wọn ò ta ohunkóhun kún ọjà wọn. Ọkọ̀ náà sì ń gbó bó ṣe ń gbó tẹ́lẹ̀.

Irú èyí gan-an wà lára ẹ̀sùn tí àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò ní Amẹ́ríkà fi kan àwọn ọ̀gá Waste Management ní 2002. Ilé iṣẹ́ Arthur Andersen, tó ń yẹ ìwé wọn wò nígbà náà, ti san mílíọ̀nù 7 dọ́là owó ìtanràn ní 2001. Ìwà ìkà gbáà ni ọgbọ́n náà sí àwọn tó fi owó wọn ra ṣíà.

Láti 2012 ni àwọn ilé iṣẹ́ tí ṣíà wọn wà lọ́jà ní Nàìjíríà ti ń tẹ̀lé ìlànà ìṣirò àgbáyé. Èyí tí wọ́n ń pè ní IAS 16 nínú wọn ló kan ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí wọ́n máa tún ọdún lílò àti iye àlòkù yẹ̀ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n sì kọ ọdún tàbí ìdá tí wọ́n ń lò sínú àlàyé. Ẹni tó bá ní ṣíà, kó má wo èrè nìkan. Kó ṣí ojú ìwé àlàyé, kó wo ọdún tí wọ́n fún ọkọ̀ àti ẹ̀rọ, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èṣí. Bó bá ti gùn sí i láìnídìí, kó dìde béèrè ní ìpàdé ọdọọdún. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.